Láàárín Ìsọ̀kalẹ̀ àti Ìbalẹ̀: Bí Àwọn Òṣìṣẹ́ Ọkọ̀ Òfurufú Ṣe Ń Bára Wọn Sọ̀rọ̀ Kí Èrò Lè Gúnlẹ̀ Láyọ̀

Ilẹ̀kùn kan ló wà láàárín yàrá awakọ̀ àti ibi tí àwọn èrò jókòó sí nínú ọkọ̀ òfurufú. Lẹ́yìn ìkọlù tó wáyé ní Amẹ́ríkà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n sọ ilẹ̀kùn náà di èyí tí ìbọn kò lè wọ̀, tí èèyàn kò sì lè fipá já, wọ́n sì ń tì í pa ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà lófurufú. Ààbò ni, ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: awakọ̀ kò lè bojú wẹ̀yìn mọ́ kó rí bí nǹkan ṣe ń lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń rìn láàárín èrò kò lè yọjú wo ohun tí awakọ̀ ń rí níwájú. Ohun tó kù láti fi so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn kò ju fóònù inú ọkọ̀, gbohùngbohùn, agogo àti iná kéékèèké bíi mélòó kan lọ.

Ìgbà tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí wúlò jù ni ìgbà tí ọkọ̀ bá ń múra àtibalẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ òfurufú máa ń ka ìṣẹ́jú 3 àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá gbéra àti ìṣẹ́jú 8 tó gbẹ̀yìn kó tó balẹ̀ sí àkókò tó gba ìṣọ́ra jù nínú ìrìn àjò. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ inú ọkọ̀ òfurufú ni mo kọ èyí fún, ṣùgbọ́n èrò tó bá ń ṣe kàyéfì ìdí tí wọ́n fi ń jí òun lójú oorun nítorí ìbòjú fèrèsé lásán náà lè bá wa kà á. Lójú tèmi, gbogbo iṣẹ́ náà dúró lórí gbèsè méjì: iwájú jẹ ẹ̀yìn ní gbèsè àkókò, ẹ̀yìn sì jẹ iwájú ní gbèsè òótọ́.

Gbèsè àkókò

Ọkọ̀ tó ń fò ní ẹsẹ̀ bàtà 35,000 máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bí 100 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó dé, èyí tó túmọ̀ sí bí ìdajì wákàtí kó tó balẹ̀. Kí ìsọ̀kalẹ̀ yẹn tó bẹ̀rẹ̀ ló ti yẹ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ wáyé. Ọ̀gá awakọ̀ tàbí igbákejì rẹ̀ yóò pe olórí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, yóò sì sọ iye ìṣẹ́jú tó kù fún un, bí ojú ọjọ́ ṣe rí lójú ọ̀nà, àti ohunkóhun tó bá ṣàjèjì nínú ìbalẹ̀ ọjọ́ náà, bíi afẹ́fẹ́ líle tàbí omi tó dúró lójú ọ̀nà ìbalẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ olórí òṣìṣẹ́, tí ìpè náà kò sì wá, ẹ má ṣe jókòó dè é. Ẹ̀yin ni kí ẹ pè.

Ẹ bèèrè àkókò ní iye ìṣẹ́jú. "Láìpẹ́" àti "a ti fẹ́ dé" kì í ṣe àkókò. Ẹni tí wọ́n sọ fún pé ó ku ìṣẹ́jú 20 mọ̀ pé òun lè kó ife àti abọ́ tán, kí òun sì rin inú ọkọ̀ já lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n sọ "láìpẹ́" fún yóò máa fi iyè méjì ṣiṣẹ́. Bí awakọ̀ bá fi kún un pé ọkọ̀ yóò gbọ̀n tó bá dé ẹsẹ̀ bàtà 15,000, ìṣẹ́jú 20 yẹn ti dín kù púpọ̀, nítorí pé ẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó, kí ẹ sì ti de ara yín mọ́ àga kí gbígbọ̀n náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìdúró ni irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbé lu òrùlé ọkọ̀, nítorí àwọn èrò ti wà nínú bẹ́líìtì ní tiwọn. Nítorí náà, ẹ dá ìpín oúnjẹ dúró. Kò sí èrò tí àìrí kọfí mu ṣe léṣe rí.

Bí ọkọ̀ bá ti sọ̀kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 10,000, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní ọdún 1981 ni FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfurufú ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣòfin pé láti ibẹ̀ wá sílẹ̀, àwọn awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun tàbí ṣe é bí kò bá jẹ mọ́ bí ọkọ̀ yóò ṣe balẹ̀ láìséwu, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí wọn lọ́wọ́. Ìlànà náà ti tàn dé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú káàkiri ayé. Lára ohun tó fà á ni ìjàǹbá tó ṣẹlẹ̀ nítòsí Charlotte, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1974, níbi tí àwọn awakọ̀ ti ń tàkúrọ̀sọ lórí ohun tí kò kan iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú kùrukùru, tí wọn kò sì fura pé àwọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ kò ní pe yàrá awakọ̀ lákòókò yìí láti sọ pé èrò kan nílò kẹ̀kẹ́ arọ ní pápákọ̀, tàbí pé èrò mìíràn ń bẹ̀rù kí ọkọ̀ tó fẹ́ wọ̀ tẹ̀ lé èyí má fi òun sílẹ̀.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ máa ń ṣi òfin yìí gbọ́. Wọ́n á gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe awakọ̀ rárá, òfin kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Èéfín, òórùn ohun tó ń jó, ariwo tí ẹ kò gbọ́ rí, èrò tó dìde tó kọ̀ tí kò jókòó, ẹni tí àìsàn gbé ṣánlẹ̀, ìkọ́ ilé ìdáná tó já: ọ̀rọ̀ ààbò ni gbogbo wọn. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ pè. Awakọ̀ lè dáhùn pé "ẹ dúró ná", ṣùgbọ́n kò lè bèèrè ohun tí kò mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Àkókò tún lè di ìṣòro ní ọ̀nà òdìkejì, bí kò bá ní òpin. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, ọkọ̀ DC-8 kan tó ń lọ sí Portland, ní Amẹ́ríkà, fi àmì hàn pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má dúró dáadáa bó bá balẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí àwọn òṣìṣẹ́ múra èrò sílẹ̀ fún ìbalẹ̀ pàjáwìrì. Ó fẹ́ kí wọ́n ṣe é fara balẹ̀, kò fẹ́ kán wọn lójú, ó sì ń gbé ọkọ̀ yí po lókè fún nǹkan bíi wákàtí kan títí epo fi tán. Ọkọ̀ náà já sílẹ̀ kó tó dé pápákọ̀, èèyàn 10 sì kú nínú 189. Àwọn tó wà lẹ́yìn ṣe iṣẹ́ wọn, awakọ̀ sì ṣàánú wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi iye ìṣẹ́jú dè é. Nítorí èyí, bí awakọ̀ bá sọ fún yín pé "ẹ rọra ṣe é", ẹ dá a lóhùn pé: "Ìṣẹ́jú mélòó ni a ní?" Ìwádìí lórí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní CRM, èyí tó ń kọ́ ọ̀gá láti gbọ́ràn sí ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu, tó sì ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ láti sọ ohun tó rí láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

Rírìn láàárín àga

Òótọ́ tí ẹ̀yìn jẹ iwájú, ẹsẹ̀ ni a fi ń wá a. Ẹ mú apá ibi tí wọ́n yàn fún yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kan, kí ẹ sì rìn ín já láìfo ìlà kankan, nítorí ìlà tí a bá fò ni èrò tó ń fi fóònù pamọ́ sábẹ́ àpò máa ń wà. Ojú nìkan kò tó fún àyẹ̀wò yìí. Ẹ béèrè, ẹ fọwọ́ kàn án níbi tó bá tọ́.

Bẹ́líìtì ni àkọ́kọ́. Aṣọ ìbora ló máa ń tan òṣìṣẹ́ jẹ jù: èrò ti fi bora dé àyà, ẹ kò sì lè mọ̀ bóyá bẹ́líìtì wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí ó ń rọ̀ dirodiro lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ẹ ní kó ṣí i hàn yín. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ikùn, lórí eegun ìbàdí, kó sì fún dáadáa. Bó bá wà lórí ikùn, ikùn ni yóò gba gbogbo agbára náà nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 2013, ọkọ̀ Boeing 777 kan tó ń balẹ̀ ní San Francisco fi ìrù gbá ògiri etí omi tó wà níwájú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀. Èèyàn 307 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta ló sì kú. Àwọn olùwádìí rí i pé méjì nínú àwọn mẹ́ta náà kò wọ bẹ́líìtì, ọkọ̀ sì tú wọn dà síta. Bí èrò bá bi yín pé kí ló dé tí ẹ ń yọ òun lẹ́nu nítorí bẹ́líìtì, ìdáhùn nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí ẹ máa sọ fún un lójú ẹsẹ̀.

Lẹ́yìn bẹ́líìtì, ẹ wo ẹ̀yìn àga àti tẹ́bù kékeré. Àga tó rọ̀gbọ̀kú dí ẹni ẹ̀yìn lọ́wọ́ àtijáde, tẹ́bù tó ṣí sílẹ̀ sì lè gún ẹni tó jókòó sí i níkùn. Ẹ rántí pé kí wọ́n tó fọwọ́ sí irú ọkọ̀ tuntun tó lè gbé èrò tó ju 44 lọ, ẹni tó ṣe é gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo èèyàn inú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, nínú òkùnkùn, pẹ̀lú ìdajì ẹnu ọ̀nà nìkan. Kò sí ẹni tó lè sáré jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90 bí okùn àpò bá kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, nítorí náà, ẹ ti àpò wọlé pátápátá sábẹ́ àga iwájú, kí ẹ sì rí i pé okùn rẹ̀ kò yọ sí ojú ọ̀nà. Èyí tí kò bá wọlé, ẹ gbé e sínú àpótí òkè, kí ẹ sì tẹ ilẹ̀kùn àpótí náà títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́".

Ìbòjú fèrèsé ni ọ̀pọ̀ èrò máa ń bínú sí, pàápàá bí oòrùn bá ń wọlé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìbalẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá iná tàbí omi wà níta kó tó ṣí i, àwọn tó wá gbani là níta náà sì gbọ́dọ̀ lè rí inú. Ìdí kan náà ló wà lẹ́yìn iná inú ọkọ̀ tí a máa ń dín kù ní alẹ́. Ẹni tó bá kúrò nínú iná tó mọ́lẹ̀ rokoṣo bọ́ sínú òkùnkùn kì í rí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. A kò fẹ́ kí ìgbà díẹ̀ yẹn bọ́ sí àkókò tí a nílò ojú jù.

Ẹ jí àwọn tó sùn. Bí ọkọ̀ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń ki sí i padà sí ti ilẹ̀, lẹ́yìn tó ti wà lókè bí ẹni wà lórí òkè gíga tó tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000. Etí yóò máa di, ẹni tó sùn kì í sì í gbé itọ́ mì tó ẹni tó jí, nítorí náà irora etí lè kó ìpayà bá a bó bá ta jí. Fún ọmọ ọwọ́, ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó fún un ní ọmú tàbí ìgò, nítorí mímu náà yóò ṣí i létí. Ní ti bí a ṣe ń de ọmọ ọwọ́, òfin kò rí bákan náà níbi gbogbo: ilẹ̀ Yúróòpù ní kí a fi bẹ́líìtì kékeré so ó mọ́ ti òbí, Amẹ́ríkà kò sì fàyè gba irú bẹ́líìtì bẹ́ẹ̀. Ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ yín ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ohun tí ẹ rí nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ń bá èrò sọ̀rọ̀ lásìkò yìí, ẹ jẹ́ kó kúrú, kó sì jẹ́ ohun tí yóò ṣe ni ẹ máa sọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ẹ̀yìn àga yín dìde" yá ju "wọn kì í rọ̀gbọ̀kú báyìí tí a bá fẹ́ balẹ̀" lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán, ẹ dúró títí yóò fi ṣe é. Òṣìṣẹ́ tó sọ̀rọ̀ tó sì kọjá lọ yóò bá àga náà níbi tó fi í sí.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gba àkókò: ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i, ẹ wò ó, ẹ tì í pa. Ilé ìdáná ni mo fẹ́ kí ẹ ti lọ́ra. Kẹ̀kẹ́ oúnjẹ tó kún lè wúwo ju àgbàlagbà kan lọ, ohun kan ṣoṣo tó sì dá a dúró sínú ihò rẹ̀ ni bíréèkì ìsàlẹ̀ àti ìkọ́ pupa kéékèèké tó wà lókè. Ìkọ́ tí a yí dáadáa máa ń dábùú ilẹ̀kùn kẹ̀kẹ́ náà pátápátá. Èyí tí a yí dé ìdajì máa ń jọ ọ́ gan-an bí ẹ bá ń wò ó láti òkèèrè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀, yóò yí padà lábẹ́ ìka yín wẹ́rẹ́. Àtàǹpàkò yẹn ni àyẹ̀wò. Èmi a máa kà wọ́n sókè bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn wọ́n, láti òkè wá sílẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún, nítorí ìkọ́ tí ẹnu kò kà ni ọwọ́ máa ń fò. Ẹ da omi gbígbóná nù kúrò nínú ìkòkò kọfí, ẹ pa ohun tó ń lo iná, ẹ má sì gbàgbé ike yìnyín tí ẹnìkan gbé sórí pẹpẹ pé òun ń bọ̀ wá gbé e.

Gbèsè òótọ́

Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò ròyìn apá tirẹ̀ fún olórí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn sọ pé ó ti ṣetán. Lẹ́yìn tí gbogbo ìròyìn bá pé lọ́wọ́ olórí ni òun náà yóò tó sọ fún awakọ̀, yálà lórí fóònù tàbí nípa bọ́tìnnì tí wọ́n ṣe sínú ọkọ̀ kan tó máa ń gbé ìròyìn náà jáde lójú ẹ̀rọ awakọ̀. Ẹ má ṣe tẹ bọ́tìnnì yẹn ṣáájú nítorí pé "ó ku ìlà méjì péré". Ohun tí bọ́tìnnì náà sọ fún awakọ̀ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni lórí ìdúró, ó sì lè fi èyí pinnu bóyá yóò tẹ bíréèkì kíkankíkan.

Bí ẹ̀yìn kò bá tíì ṣetán, òun náà jẹ́ ìròyìn, ó sì ṣe pàtàkì ju "a ti ṣetán" lọ. Awakọ̀ lè sún ìbalẹ̀ síwájú. Ẹ wo bí ìpè rere ṣe ń rí:

"Ọ̀gá awakọ̀, èmi olórí òṣìṣẹ́ ni. Ẹ̀yìn kò tíì ṣetán. Èrò kan dákú ní ìlà 22, àwa méjì ń tọ́jú rẹ̀ ní ojú ọ̀nà. A nílò ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Mo gbọ́. Ẹ̀yìn kò tíì ṣetán, èrò kan dákú ní ìlà 22, ìṣẹ́jú márùn-ún. Màá gbé ọkọ̀ yí po lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pè mí bí ẹ bá ti jókòó."

"Ẹ ó yí po lẹ́ẹ̀kan, màá pè bí a bá ti jókòó."

Ẹ kíyè sí i pé ohun tó ṣe pàtàkì jù ló ṣáájú, àlàyé tẹ̀ lé e, ohun tí wọ́n fẹ́ sì kẹ́yìn. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹni tó gbọ́ ló tún un sọ. Àwọn àgbà ní etí tó gbọ́ àlọ ní í gbọ́ àbọ̀. Nínú ọkọ̀ òfurufú, ẹnu tó sọ àlọ náà gbọ́dọ̀ dúró gbọ́ àbọ̀ kó tó gbé fóònù kalẹ̀. Bí awakọ̀ bá tún un sọ pé "ìlà 12", ibẹ̀ lẹ ó ti tún un ṣe. Bó bá dáhùn ní "ó dáa" nìkan, ẹ kò mọ ohun tó gbọ́.

Ìtàn tí mo máa ń rántí lórí gbèsè òótọ́ ni ti Kegworth, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1989. Ẹ́ńjìnnì òsì ọkọ̀ Boeing 737 kan bàjẹ́, ọkọ̀ gbọ̀n, èéfín wọlé. Àwọn awakọ̀ rò pé ẹ́ńjìnnì ọ̀tún ni, wọ́n sì pa á. Ọ̀gá awakọ̀ sọ ọ́ fún àwọn èrò nínú gbohùngbohùn pé ọ̀tún ló ní ìṣòro. Àwọn èrò kan àti àwọn òṣìṣẹ́ kan tó wà lẹ́yìn sì ti fi ojú ara wọn rí iná tó ń tú jáde lápá òsì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún iwájú. Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ balẹ̀, ẹ́ńjìnnì òsì tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kú, ọkọ̀ já sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà tó wà níwájú pápákọ̀, èèyàn 47 sì kú nínú 126. Èrò á ní awakọ̀ ló mọ iṣẹ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ kò lè ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn, nítorí pé awakọ̀ kò lè rí apá ọkọ̀ rẹ̀ dáadáa láti ibi tó jókòó sí.

Bí ẹ bá ń ròyìn, ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ, ẹ fi ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún awakọ̀. "Iná ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì òsì" ni ìròyìn. "Mo rò pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́" kì í ṣe ìròyìn. Ọ̀rọ̀ òsì àti ọ̀tún yìí gba ìṣọ́ra púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àga òṣìṣẹ́ ló kọ ẹ̀yìn sí iwájú ọkọ̀. Bí ẹ bá jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún yín wà ní apá òsì ọkọ̀. Ti ọkọ̀ ni à ń sọ nígbà gbogbo, bí ẹni tó kọjú síwájú, kì í ṣe ti ọwọ́ ẹni. Kí ẹ tó gbé fóònù, ẹ yí ojú yín sí iwájú ọkọ̀ ná, kí ẹ sì fi ọwọ́ tọ́ka sí apá náà. Ó lè dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń yí òsì padà di ọ̀tún lẹ́nu àgbà.

Lórí àga òṣìṣẹ́

Nígbà tí awakọ̀ bá kéde pé kí àwọn òṣìṣẹ́ jókòó fún ìbalẹ̀, ẹ jókòó lóòótọ́. Ẹ fi bẹ́líìtì èjìká àti ti ìbàdí de ara yín, ẹ fẹ̀yìn àti orí ti àga, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ pẹrẹsẹ. Bí èrò kan bá dìde lẹ́yìn èyí, ohùn ni kí ẹ fi dá a jókòó. Ẹ má ṣe tú bẹ́líìtì láti lọ bá a.

Lẹ́yìn náà ni àyẹ̀wò tí kò lóhùn, èyí tí ẹ ó ṣe nínú ọkàn yín bí ilẹ̀ ṣe ń sún mọ́. Ilẹ̀kùn wo ló wà lọ́wọ́ mi, báwo la ṣe ń ṣí i, ṣé rọ́bà ìyọ̀sọ̀kalẹ̀, èyí tí èrò ń yọ̀ gba orí rẹ̀ jáde ní pàjáwìrì, wà ní síso mọ́ ọn? Kí ni màá kọ́kọ́ wò níta? Bí èyí kò bá ṣeé gbà, èwo ló kù? Ta ni nínú àwọn èrò ìtòsí tó lè ràn mí lọ́wọ́, ta sì ni yóò nílò ìrànwọ́? Kò tó ìṣẹ́jú kan, ó sì máa ń lé ọ̀rọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì àti oúnjẹ alẹ́ kúrò lọ́kàn. Ẹ tẹ́tí sí ọkọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó ti balẹ̀ nígbà púpọ̀ mọ ìró ẹsẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó bá ń jáde. Bí ìró náà bá yàtọ̀ tàbí tí ẹ kò gbọ́ ọ rárá, ẹ̀yin ni ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ní ẹ̀yìn.

Bí ìbalẹ̀ náà kì í bá ṣe ti ojoojúmọ́

Awakọ̀ yóò fi agogo pàjáwìrì pe olórí òṣìṣẹ́, yóò sì fún un ní ìròyìn onípele mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní NITS: irú ìṣòro tó ṣẹlẹ̀, ohun tí awakọ̀ fẹ́ ṣe, àkókò tó kù, àti àṣẹ àrà ọ̀tọ̀ tó bá wà. Ẹ mú bírò àti ìwé dání, kódà bí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé orí yín. Ẹ kọ ọ́, ẹ kà á padà fún un, ẹ sì fi aago yín wé tirẹ̀. Bí ẹ bá jáde, bí ó ṣe wà nínú ìwé ni kí ẹ kà á fún àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, kí ọ̀kan nínú wọn sì tún un sọ.

Bí àkókò bá pọ̀, gbogbo àyẹ̀wò ìṣáájú ni ẹ ó tún ṣe fínnífínní, ẹ ó yọ bàtà gogoro àti ohun ẹnu ṣóńṣó lára èrò, ẹ ó sì yan àwọn tó lágbára sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá sí àkókò, ẹ fi bẹ́líìtì àti bí èrò yóò ṣe tẹ̀ síwájú ṣáájú ohun gbogbo: kó bẹ̀rẹ̀, kó fi orí ti àga iwájú, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀ sẹ́yìn orúnkún díẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn Kegworth wà lára ohun tó mú kí ìlànà ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ yìí rí bó ṣe rí lónìí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ẹrù. Ní Toronto ní ọdún 2005, nígbà tí ọkọ̀ kan sáré kọjá òpin ojú ọ̀nà tó sì gbiná, gbogbo èèyàn 309 inú rẹ̀ ló yè, síbẹ̀ àwọn kan ṣì dúró mú báàgì kí wọ́n tó jáde. Ìgbà tí ọkàn ṣì balẹ̀ ni èrò máa ń gbọ́ irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí èéfín bá ti dé, ọwọ́ á nà sí ohun tó mọ̀.

Ẹ tún múra sílẹ̀ pé okùn tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn lè já. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2008, ọkọ̀ Boeing 777 kan já sílẹ̀ ṣáájú ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ ní pápákọ̀ Heathrow, ní London, nítorí yìnyín tó dí epo lọ́nà. Ọ̀gá awakọ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn jáde, ṣùgbọ́n inú rédíò ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà lọ sọ́dọ̀ àwọn olùdarí tó wà nínú ilé ìṣọ́. Àwọn ló sọ fún un pé àwọn ni ó ń bá sọ̀rọ̀, ó sì tún àṣẹ náà pa fún ẹ̀yìn. Gbogbo èèyàn 152 ló yè. Ní Haneda, ní Japan, ní ọjọ́ 2 oṣù Kìíní ọdún 2024, ọkọ̀ Airbus A350 kan tó ń balẹ̀ gbá ọkọ̀ kékeré tó wà lójú ọ̀nà. Èèyàn márùn-ún kú nínú ọkọ̀ kékeré náà. Nínú ọkọ̀ ńlá, gbohùngbohùn kò ṣiṣẹ́ mọ́, iná sì ti gba ẹ̀gbẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà mẹ́ta péré ló ṣeé lò nínú mẹ́jọ. Àwọn òṣìṣẹ́ fi gbohùngbohùn ọwọ́ àti ohùn ẹnu wọn darí èrò, gbogbo èèyàn 379 sì jáde láàyè. Nítorí náà, ẹ mọ ibi tí gbohùngbohùn ọwọ́ wà kí ẹ tó gbéra, ẹ sì mọ ohun tí ìwé ìlànà yín fún yín láṣẹ láti ṣe bí ewu bá hàn gbangba tí iwájú kò sì dáhùn.

Nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kan ilẹ̀

Àwọn èrò á ti máa tú bẹ́líìtì kí ọkọ̀ tó kúrò lójú ọ̀nà ìbalẹ̀. Ẹ lo gbohùngbohùn láti orí ìjókòó yín. Ọkọ̀ tó ń rìn nílẹ̀ lè tẹ bíréèkì lójijì, rọ́bà ìyọ̀sọ̀kalẹ̀ sì ṣì wà ní síso mọ́ gbogbo ilẹ̀kùn, torí pé iná lè ṣẹ́ yọ nílẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró pátápátá ní ààyè rẹ̀ ni àṣẹ yóò wá pé kí ẹ tú rọ́bà náà kúrò. Òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tú ti ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò sì rékọjá lọ wo ti ẹnìkejì rẹ̀ ní òdìkejì ọkọ̀, nítorí ilẹ̀kùn tí a gbàgbé ní síso lè tú rọ́bà ńlá náà jáde lójú òṣìṣẹ́ ilẹ̀ tó wá ṣí i. Ẹni tó wà lápá òsì yóò pe, "Òsì ti tú, mo ti wo ọ̀tún"; ti ọ̀tún yóò dáhùn, "Ọ̀tún ti tú, mo ti wo òsì." Olórí yóò gbọ́ ọ láti ilẹ̀kùn gbogbo, yóò gbé fóònù, yóò sì sọ ọ́ fún iwájú.